Ìlà tí wọn ò sọ jáde: ìrírí mi nínú yíyẹ àríyànjiyàn lórí ìwà wò

Iṣẹ́ mi ni láti máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀ kó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, kí wọ́n sì tètè mọ èyí tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì. Nínú gbogbo àríyànjiyàn tí a máa ń gbé yẹ̀ wò, èyí tó dá lórí ohun tó tọ́ àti ohun tí kò tọ́ ló le jù. Kì í ṣe pé lọ́jíìkì tirẹ̀, ìyẹn bí àwọn ìlà rẹ̀ ṣe ń so kọ́ra wọn, yàtọ̀. Ohun tó mú un le ni pé kí olùgbọ́ tó jókòó, ọkàn rẹ̀ ti yan ibi tó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà parí sí. Bí ìparí bá bá a lára mu, gbogbo ohun tó ṣáájú rẹ̀ ni yóò dà bí òótọ́ lójú rẹ̀. Bí ìparí bá korò, kò sí àlàyé tí yóò wọ̀ ọ́ létí.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé, bí mo bá bá kíláàsì tuntun pàdé, àríyànjiyàn burúkú tó parí síbi tó dáa ni mo kọ́kọ́ máa ń gbé síwájú wọn. Mo máa ń kọ ọ́ sójú pátákó báyìí: Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá fi ẹgba tọ́ dàgbà ló máa ń di ọ̀daràn. Kò yẹ ká ṣe ohun tó ń sọ ọmọ di ọ̀daràn. Nítorí náà, kò yẹ ká máa fi ẹgba tọ́ ọmọ.

Mo fara mọ́ ìlà kẹta tọkàntọkàn. Bí wọ́n ṣe so kọ́ra wọn náà kò ní àbùkù: bí ìlà kìíní àti ìkejì bá jẹ́ òótọ́, kò sí bí ìkẹta ṣe fẹ́ jẹ́ irọ́. Àmọ́ ìlà kìíní kì í ṣe òótọ́. Ta ni kò mọ àgbàlagbà tó jẹ ẹgba yó nígbà èwe, tó sì jẹ́ ọmọlúàbí ènìyàn lónìí? Kí n tó sọ bẹ́ẹ̀ tán, ariwo á ti ta. “Ọ̀gá, ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n máa na ọmọ ni?” Rárá o. Ohun tí mo ń wí ni pé ẹni tó bá fẹ́ gbèjà ọmọdé kò gbọdọ̀ fi irọ́ gbèjà rẹ̀, torí lọ́jọ́ tí àṣírí irọ́ náà bá tú, ọmọdé yẹn ni yóò jìyà rẹ̀. Àlàyé tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ wà nílẹ̀: pé ọmọ kéékèèké kò lè dáàbò bo ara rẹ̀, pé ìrora náà dájú, pé ọ̀nà mìíràn láti tọ́ ọmọ sọ́nà wà. Kí la wá ń fi irọ́ ṣe?

Ìbéèrè méjì ni mo fẹ́ kí wọ́n yà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àkọ́kọ́: bí a bá gba àwọn ìlà tó ṣáájú, ṣé ó di dandan ká gba ìparí? Èkejì: ṣé òótọ́ ni àwọn ìlà náà? Ìbéèrè nípa bóyá ìparí wù mí tàbí kò wù mí kò sí nínú méjèèjì.

Àpẹẹrẹ tí mo máa ń fi ṣàlàyé ewu tó wà níbẹ̀ wá láti ìgbà òwò ẹrú. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó jà fún ìtúsílẹ̀ àwọn ẹrú máa ń sọ pé ọpọlọ àwọn aláwọ̀ dúdú pé bíi ti ẹnikẹ́ni, nítorí náà kò yẹ kí wọ́n kó wọn lẹ́rú. Òótọ́ pọ́nńbélé ni wọ́n sọ nípa ọpọlọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìlà tó fara pamọ́ sáàárín, tí wọn ò sọ jáde: pé bí ọpọlọ ẹnìkan kò bá tó ti ẹlòmíì, kò burú láti kó o lẹ́rú. Ẹni tó fẹ́ ṣe ire ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ìlà yẹn fún ọ̀tá. Thomas Jefferson, tó jẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, rí i. Nínú lẹ́tà tó kọ sí Henri Grégoire, àlùfáà ará Faransé tó ń gbèjà àwọn aláwọ̀ dúdú, ní ọjọ́ 25 oṣù kejì ọdún 1809, ó ní bó ti wù kí ẹ̀bùn ọpọlọ wọn tó, kì í ṣe òun ni a ó fi wọn ẹ̀tọ́ wọn. Pé Isaac Newton, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, ta àwọn yòókù yọ ní òye, síbẹ̀ ìyẹn kò sọ ọ́ di olúwa lórí ara ẹnikẹ́ni tàbí dúkìá ẹnikẹ́ni.

Àwọn tó ti ka ìtàn máa ń fò dìde níbí: Jefferson fúnra rẹ̀ kó ènìyàn lẹ́rú títí ó fi kú! Bẹ́ẹ̀ ni, ó sì yẹ ká dá a lẹ́bi fún un. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi ẹni tó sọ̀rọ̀ kò ba ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́. Ó yẹ kí ìlà tó kọ tú gbogbo àwọn tó wà lóko rẹ̀ sílẹ̀. Pé kò tẹ̀lé e kò fi hàn pé ìlà náà burú. Ó fi hàn pé agbára rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí ẹni tó kọ ọ́ fẹ́ gbà lọ.

Ìlà tí wọn ò sọ jáde yìí ni mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wá kiri nínú ọ̀rọ̀ ènìyàn, torí pé ibẹ̀ ni àríyànjiyàn lórí ìwà ti máa ń ṣàìsàn jù. David Hume, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Scotland, ló kíyè sí i, nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1740, pé àwọn tó ń kọ̀wé nípa ìwà a máa sọ bí nǹkan ṣe rí, bí ènìyàn ṣe rí, bí ayé ṣe rí, àfi lójijì tí wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tó yẹ àti ohun tí kò yẹ. Wọn kì í ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ti ibi àkọ́kọ́ dé ibi kejì. Láti ìgbà tí mo ti mọ èyí, mi ò lè ka ọ̀rọ̀ nípa ìwà mọ́ láìwá ibi tí “ó rí bẹ́ẹ̀” ti di “ó yẹ bẹ́ẹ̀.”

Ọmọbìnrin kan ní kíláàsì mi dìde lọ́jọ́ kan pé òun fẹ́ gbèjà ẹran jíjẹ. Ó ní ènìyàn ti ń jẹ ẹran láti ìgbà tí aláyé ti dáyé, nítorí náà kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Mo fún un ní ṣọ́ọ̀kì. Mo ní kó kọ ìlà méjèèjì, kó fi àyè sílẹ̀ láàárín wọn, kó wá kọ ohun tó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ kí èkíní tó lè bí èkejì. Ó dúró díẹ̀, ó kọ ọ́: “Ohunkóhun tí ènìyàn bá ti ń ṣe láti ìgbà tí aláyé ti dáyé, kò burú.” Ó yíjú sí wa, ó kà á sókè, ó sì fúnra rẹ̀ sọ pé, “Ogun ńkọ́? Olè jíjà ńkọ́?” Ó gba ìparẹ́, ó pa á rẹ́.

Bí mo bá fi í sílẹ̀ síbẹ̀, mo ti dá a lọ́gbẹ́ lásán nìyẹn. Mo ní kó wá ìlà tó dára jù tó lè dí àyè yẹn. Ó kọ pé ohun tí ara ènìyàn nílò láti wà láàyè kò burú. Ìyẹn lágbára jù ti àkọ́kọ́ lọ, àmọ́ ó gbé ìbéèrè tuntun dìde: ṣé ara gbogbo wa nílò ẹran láti wà láàyè? Ẹlòmíì kì í fẹnu kan ẹran, ara rẹ̀ sì le koko. Ó tún pa á rẹ́. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ó kọ pé ìyà tó ń jẹ ẹranko kò tó ohun tí a ń fi ìwà wọ̀n. Mo sọ fún un pé Jeremy Bentham, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará England, ti tako ìlà yẹn gan-an ní 1789, nígbà tó ní ìbéèrè náà kì í ṣe bóyá wọ́n lè ronú tàbí bóyá wọ́n lè sọ̀rọ̀, bí kò ṣe bóyá wọ́n lè jìyà. Ó ronú sí i, ó ní òun kò tíì gbà fún Bentham. Kò di ẹni tí kì í jẹ ẹran, n kò sì fẹ́ sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó padà síbi ìjókòó rẹ̀, ó ti mọ ohun náà gan-an tó ní láti gbèjà.

Mo gbà pé ojúṣe wa ni láti bá ẹni tí à ń bá jiyàn wá ìlà tó dára jù tó lè gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ró. Ó rọrùn láti gbé ìlà òmùgọ̀ sí i lẹ́nu, ká wá fi ìyẹn ṣẹ́gun rẹ̀. Irú ìṣẹ́gun bẹ́ẹ̀ kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

Bí a bá wá ti rí ìlà tó fara pamọ́, báwo la ṣe ń dán an wò? Kò sí ẹni tí mo rí tó ṣe é tó mọ́ tó ti Abraham Lincoln, nínú àkọsílẹ̀ kékeré kan tí àwọn òpìtàn sọ pé ó jẹ́ ti nǹkan bí ọdún 1854, kó tó di ààrẹ Amẹ́ríkà. Ó bá ẹni tó ń gbèjà kíkó ènìyàn lẹ́rú sọ̀rọ̀. Ó ní: o sọ pé ẹnìkan funfun, èkejì dúdú, àwọ̀ ni ìdí rẹ̀ nígbà náà, pé ẹni tó pọ́n jù lẹ́tọ̀ọ́ láti kó ẹni tó dú lẹ́rú? Ṣọ́ra o. Nípa òfin yìí, ẹrú ni ọ́ fún ẹni àkọ́kọ́ tí o bá pàdé tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ ju tìrẹ lọ. Àbí kì í ṣe àwọ̀ gan-an lò ń sọ, ọpọlọ ni? Tún ṣọ́ra. Ẹrú ni ọ́ fún ẹni àkọ́kọ́ tí o bá pàdé tí ọpọlọ rẹ̀ pé ju tìrẹ lọ. Àbí ó di ọ̀rọ̀ èrè, pé bí o bá ti lè jèrè níbẹ̀, o lẹ́tọ̀ọ́ láti kó ẹlòmíì lẹ́rú? Ó dáa. Bí ẹlòmíì bá lè jèrè lára tìrẹ, òun náà lẹ́tọ̀ọ́ láti kó ọ.

Mo máa ń ní kí wọ́n kíyè sí ohun tí Lincoln kò ṣe níbẹ̀. Kò bú ẹnikẹ́ni. Kò sọ pé ìwà ìkà ni. Kò mú ìlà tirẹ̀ kankan wá. Ìlà ẹni tó ń bá jiyàn ló gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sọ pé kí a tẹ̀lé e dé òpin, kó má dúró síbi tó ti dùn mọ́ ẹni tó gbé e wá. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ fi ọ̀pá ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ, kó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò. Àánú ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rí nínú òwe yẹn. Èmi rí lọ́jíìkì nínú rẹ̀ pẹ̀lú: ìdí tó bá tó láti fi gún ẹyẹ, tí kò sì sí ìyàtọ̀ kankan tó nítumọ̀ láàárín èmi àti ẹyẹ, ó tó láti fi gún mi.

Àyẹ̀wò yìí ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. R. M. Hare, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Bìrìtìkó, kọ ní 1963 nípa ẹni tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ le débi pé ó lè sọ pé bí òun náà bá bọ́ sínú àwọn tí òun kórìíra, kí wọ́n pa òun náà. Ìlà irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò tako ara rẹ̀, a sì ní láti bá ibòmíràn gbà mú un. Mo ti gbọ́ irú rẹ̀ tó kéré sí i lẹ́nu ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ní bí òun bá di aláìní, kí ẹnikẹ́ni má ran òun lọ́wọ́. Mo bi í bóyá ó gbà á gbọ́ ni, àbí torí ó dá a lójú pé kò lè ṣẹlẹ̀ sí òun. Kò dáhùn lọ́jọ́ náà.

Lóde kíláàsì, ibi tí mo ti rí i pé ọ̀nà yìí wúlò jù ni ìgbìmọ̀ kan tí wọ́n yàn mí sí, láti gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ kan. Ó ti fọwọ́ sí ìwé pé òun kò ní gbé ọ̀rọ̀ ibi iṣẹ́ síta. Ó wá rí i pé ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń lò lè ṣe àwọn tó ń dúró tì í léṣe. Ó sọ fún àwọn ọ̀gá, wọn ò dá a lóhùn, ló bá gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá àwọn tó ń bójú tó ààbò. Àgbàlagbà kan láàárín wa, ẹni tí gbogbo wa bọ̀wọ̀ fún, ní ọ̀rọ̀ ti yanjú: “Ó ṣèlérí. Ìlérí, mímúṣẹ ni. Kò mú un ṣẹ, ó ti jẹ̀bi. Kí la tún ń wò?”

Mo bẹ bàbá pé kí wọ́n jẹ́ ká kọ ọ́ sílẹ̀. Ìlà kejì ni mo di mú: ṣé gbogbo ìlérí ni, ohun yòówù kó dé? Mo mú àpẹẹrẹ kan tó ti wà nínú ìwé Plato, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Gíríìsì, láti ohun tó lé ní 2,300 ọdún sẹ́yìn. Ọ̀rẹ́ rẹ fún ọ ní ohun ìjà kí o bá òun tọ́jú rẹ̀. Nígbà tó yá, orí rẹ̀ dàrú, ó wá béèrè ohun ìjà náà. Ṣé wàá gbé e fún un torí pé o ṣèlérí? Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn kò ní gbé e fún un láéláé. Àwọn fúnra wọn ló wá tún ìlà náà kọ, wọ́n sì kọ ọ́ dáadáa ju bí èmi ì bá ti kọ ọ́ lọ: “Ó yẹ ká mú ìlérí ṣẹ, àfi bí mímú un ṣẹ bá máa pa ẹlòmíì lára gidi, tí kò sì sí ọ̀nà mìíràn tí a lè fi gbà á là.”

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Ariwo rọlẹ̀. Kò sí ẹni tó tún ń jiyàn lórí bóyá ìlérí ṣe pàtàkì, torí ẹnu gbogbo wa ti kò lórí ìyẹn. Ohun tó kù kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwà mọ́, ọ̀rọ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀ ni: ṣé ẹ̀rọ náà léwu lóòótọ́? Ṣé ó ti kọ́kọ́ gbìyànjú ọ̀nà mìíràn? A pe ẹnjiníà wá, a ṣí fáìlì, a rí àwọn lẹ́tà tó ti kọ sí àwọn ọ̀gá, tí ẹnikẹ́ni kò fèsì sí. A dá a láre. Bàbá ló kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Láti ìgbà náà ni mo ti ń rí i pé ọ̀pọ̀ ìjà tí a ń pè ní ìjà ìwà, ìjà lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ ni. Àwọn méjèèjì tó ń pariwo mọ́ra wọn gba ìlà “ó yẹ” kan náà; ìlà “ó rí bẹ́ẹ̀” ni wọn ò fẹnu kò lé lórí, kò sì sí ẹni tó lọ wò ó.

Ohun kan wà tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ lọ́jíìkì kì í tètè gbà. Ó dára nígbà mìíràn láti ti ẹ̀yìn wá sí iwájú: bí ìparí bá burú jáì, tí ìsopọ̀ sì pé, a mọ̀ pé ó kéré tán, ìlà kan lókè jẹ́ irọ́, ká tilẹ̀ má tíì mọ èwo ni. Ní 1797, Immanuel Kant, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Jámánì, kọ̀wé pé irọ́ pípa kò tọ́, kódà bí apànìyàn bá wá béèrè lẹ́nu ọ̀nà bóyá ọ̀rẹ́ rẹ tó ń lépa wà nínú ilé. Ọ̀pọ̀ àwọn tó kà á kò sọ pé, “Háà, bẹ́ẹ̀ ló rí.” Wọ́n ní bí òfin tó ní irọ́ kò tọ́ nígbàkígbà bá lè gbé wa débí, òfin náà ló nílò àtúnṣe. Mo fara mọ́ wọn. John Rawls, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Amẹ́ríkà, ṣàlàyé ní 1971 pé bí ìrònú lórí ìwà ṣe ń lọ nìyí: a ń fi òfin tún ìdájọ́ wa ṣe, a ń fi ìdájọ́ wa tún òfin ṣe, títí méjèèjì á fi bára mu.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tí kò bá ti bá wa lára mu la lè fi ọ̀nà yìí dà nù. Ìdájọ́ tí mo máa fi ta ko òfin gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí mo ti sùn lé lórí, tí èrè mi kò sí nínú rẹ̀, tí mo sì ti gbọ́ tẹnu ẹni tó lòdì sí i. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Àwọn tó ń kó ènìyàn lẹ́rú náà lè sọ pé ìparí ọ̀rọ̀ Lincoln burú jáì, torí pé èrè wọn wà nínú rẹ̀.

Àríyànjiyàn kan wà tó ń yọ mí lẹ́nu gan-an. Peter Singer, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Australia, ló gbé e jáde ní 1972, nígbà tí ebi àti ogun ti lé àìmọye ènìyàn kúrò nílé wọn ní Ìlà-Oòrùn Bengal, tó di Bangladesh lónìí. Ó ní ìyà àti ikú tí àìsí oúnjẹ, ibùgbé àti ìtọ́jú ń fà burú. Ó ní bí a bá lágbára láti dènà ohun búburú láìsí pé a pàdánù ohunkóhun tó ṣe pàtàkì tó o, ó yẹ ká ṣe é. A lè dènà rẹ̀, nípa fífi owó ránṣẹ́ sí àwọn tó ń pèsè ìrànwọ́. Nítorí náà, ó yẹ ká fi ránṣẹ́, kì í ṣe bí ẹni ń ṣàánú, bí ojúṣe ni. Ó fi ọmọ tó ń rì sínú adágún omi tí kò jìn ṣàpẹẹrẹ: ẹrẹ̀ á ba aṣọ mi jẹ́ bí mo bá wọlé lọ gbé e, ṣùgbọ́n ta ni yóò ro ti aṣọ?

Bí mo bá kọ ọ́ sójú pátákó, gbogbo kíláàsì ni yóò dìde sí i. Mo kàn máa ń bi wọ́n pé ìlà wo ni wọ́n ń bá jà. “Wọ́n jìnnà sí wa.” Ìlà wo ló sọ̀rọ̀ nípa ọ̀nà jíjìn? “Àwọn tó lówó jù wá lọ pọ̀, wọn ò sì ṣe nǹkan kan.” Bí ènìyàn mẹ́wàá bá dúró létí adágún tí wọ́n káwọ́ gbera, ṣé ìwọ náà á fi ọmọ yẹn sílẹ̀? “Owó náà lè má dé ọwọ́ wọn.” Èyí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ìlà kẹta ló bá wí, ẹ jẹ́ ká lọ wádìí ẹni tó ń lo owó náà dáadáa. “Bó bá rí bẹ́ẹ̀, fífúnni ò ní tán, títí àwa náà á fi di aláìní.” Èyí ló wúwo jù lójú mi, torí ìlà kejì ló kọlù. Singer fúnra rẹ̀ mọ̀, ó sì gbé ìlà kejì náà kalẹ̀ ní oríṣi kan tó rọ̀ díẹ̀: pé ká dènà ohun búburú bí kò bá ti ní gba ohunkóhun tó nítumọ̀ ní ti ìwà lọ́wọ́ wa.

Èyí tó le nínú méjèèjì, mo kọ̀ ọ́, mo sì lè sọ ìdí rẹ̀: mo gbà pé ẹnikẹ́ni lẹ́tọ̀ọ́ láti fi apá kan ayé rẹ̀ tọ́jú àwọn tirẹ̀ àti iṣẹ́ tó fẹ́ràn, kódà bí ó bá ṣeé ṣe kí ibòmíràn nílò rẹ̀ jù. Ṣùgbọ́n èyí tó rọ̀, mo ti yí i síwá sẹ́yìn, mi ò rí ibi tí mo lè gbá a mú kí n sọ pé irọ́ ni. Bí mi ò bá sì rí irọ́ nínú àwọn ìlà, tí ìsopọ̀ wọn pé, mi ò lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ ìparí torí pé owó mi ló ń béèrè. Nítorí náà, lóṣooṣù, apá kan nínú owó mi máa ń lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń gba ẹ̀mí là kí n tó fọwọ́ kan ìyókù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi máa ń bi mí bóyá iye yẹn tó. Mo máa ń sọ fún wọn pé mi ò tíì rí ìlà tí mo lè kọ sójú pátákó tó máa fi hàn pé ó tó.